Lílì Kẹrin ní Ọgbà Màmá Nọ́ọ̀sì

"Mo lá àlá kan lóru àná, títí di bí mo ṣe dúró yìí, ó ṣì ń ṣe mí bí ẹni pé n kò tíì jí."

Ohun tí Fadérera kọ́kọ́ sọ nìyẹn bó ṣe yọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yìí. Kò tilẹ̀ kí mi. Èmi ni mo ní kó jókòó, èmi ni mo bu omi fún un. Sàláwà, gbé orí rẹ sókè díẹ̀. Má wò ó pé mò ń sọ̀rọ̀ o, ẹnu ń sọ, ọwọ́ ń dirun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de irun, àlá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Èmi kọ́ ni mo lá a. Èmi kì í lálàá, bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, ó di ìgbà tí àkùkọ bá kọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè gbádùn àlá náà, ẹ ní láti mọ ohun tó lé obìnrin yìí wọ orí ibùsùn.

Ilé tó wà lẹ́yìn ògiri mi yìí, ilé Màmá Nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni Fadérera ti ń ṣe ìyàwó. Ìlọrin ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ló ń wálé, nítorí náà òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ ń gbé. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ láti bí ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀! Ọwọ́ tó gbẹ̀bí ìdajì ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé yìí. Ó lè fọwọ́ kan aṣọ lásán kó sọ fún ọ pé o kò ṣan án dáadáa.

Òdòdó lílì ni ìyá yìí fẹ́ràn láyé. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi koríko, tí òdòdó rẹ̀ ń là láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ká, ó ti kú. Òmíràn á tún là lọ́la lórí ìdí kan náà. Ìdí mẹ́rin ló wà níwájú ilé wọn. Mẹ́ta pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọ̀ tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní píǹkì. Ẹ̀kẹrin nìkan ló jẹ́ elésè àlùkò, àní elésè àlùkò tó ti ṣá, bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n ti sá títí tó fi tutù lójú. Etí rẹ̀ tún ká wẹ́jẹ́wẹ́jẹ́ yíká bí etí yẹ̀rì ọmọdé. Etí tàwọn yòókù dán gbọrọgbọ ni.

Ìgbàkígbà tí Màmá bá bímọ, yóò gbin lílì kan, yóò sì fún un ní orúkọ ọmọ náà. Ẹ sì mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, kódà kó jẹ́ ọmọ tó ṣì ń rá. Òun ni yóò fún un ní orúkọ mìíràn. Wàyí o, bí òdòdó bá ń jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ, ìyàwó wo ni yóò la ẹnu pe òdòdó bẹ́ẹ̀? Fadérera ń pe àkọ́bí ilé náà ní Akọ̀wé, ó pe òdòdó rẹ̀ ní Akọ̀wé. Ó ń pe èkejì tó jẹ́ obìnrin ní Eyínfúnjowó, ó pe òdòdó rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìlà funfun kan sì là á láàárín lóòótọ́. Ti ọkọ rẹ̀ ni Olówó-orí-mi. Àìmọye ìgbà ni mo ti gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri tó ń bú òdòdó yẹn lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kò bá gbé ìpè.

Ẹ̀kẹrin wá ńkọ́? Ọmọ mẹ́ta péré ni Màmá ní. Fadérera rò ó nínú ara rẹ̀ pé ọmọ kan ti ní láti kú. Ẹni tó bá bi abiyamọ léèrè ọmọ tó kú, ẹkún ló ń wá. Kò bèèrè. Ó sọ òdòdó náà ní Arẹwà, ó sì fi bẹ́ẹ̀ pè é fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbáko.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òjò rọ̀, koríko bo iwájú ilé. Ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ń dúró de Fadérera, ó gbé ọkọ́, ó ń sáré roko. Bí lílì kò bá tíì yọ òdòdó, ta ni yóò tètè dá a mọ̀ láàárín koríko? Ó ro ó, ó kó gbogbo rẹ̀ dà sí ààtàn, ó wẹ̀, ó lọ. Ìgbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ló ka ìdí lílì. Mẹ́ta. Ó tún un kà. Mẹ́ta náà ni. Ó sáré dé ààtàn, àdúgbò ti da pàǹtí lé e lórí, wọ́n ti finá sí i.

Ojú tì í, kò lè sọ. Àràárọ̀ ni Màmá ń bèèrè èyí tó là, àràárọ̀ ni Fadérera ń sọ pé, "Akọ̀wé là, Mà. Arẹwà náà là." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Àfi bó ṣe di ìrọ̀lẹ́ àná tí Màmá ní, "Ìyàwó, bó bá di àárọ̀ ọ̀la, já Arẹwà wá fún mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kàn án."

Fadérera ní, "Ó dáa, Mà," ó sì lọ dùbúlẹ̀. Ta ni yóò sun oorun ire lórí irú ìyẹn?

Nínú àlá náà, ọ̀sán gangan ni. Ó wà ní ilé ìdáná, ó fẹ́ bu omi gbígbóná, ni kẹ́tùlù bá húkọ́.

"Ìyá Ọmọ́tádé," ni kẹ́tùlù wí, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, "wọ́n ń pè yín ní ọ́fíìsì."

"Ọ́fíìsì wo?"

"Èyí tó wà lókè yìí. Ẹ mú ìborùn dání, atẹ́gùn wà níbẹ̀."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ kẹ́tùlù, ó dín iná kù fún un kó lè sinmi, ó bọ́ síta. Lóòótọ́, Ilé-Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òdòdó ń léfòó lójú sánmà lókè òrùlé wọn. Okùn ìsáṣọ ni wọ́n fi so ó mọ́ igi ọsàn kó má baà gbéra lọ. Aṣọ Màmá méjì ṣì wà lórí okùn náà. Fadérera rọra ń sún aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń gun okùn lọ, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wọ́n ni, kò fẹ́ kí wọ́n já sílẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ní kó bọ́ bàtà, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ojú sánmà ni.

Ọ̀gá kan jókòó nídìí tábìlì, ó wọ kóòtù, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ṣóńṣó. Fáìlì kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀, òǹtẹ̀ sì wà lórí fáìlì. Bẹ́ǹṣì tó gba ènìyàn mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Lílì mẹ́rin ló wà lórí ìwé wa," ni Ọ̀gá wí. "Kó wọn wọlé."

Kí Fadérera tó fèsì, ilẹ̀kùn ṣí, àwọn lílì mẹ́ta fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé, wọ́n ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò. Fadérera kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé òun ló bá wọn nílé. Akọ̀wé mi orí, kò gbójú kúrò nínú ìwé ìròyìn tó ń kà. Eyínfúnjowó ní, "O ti rù o, ìyàwó." Olówó-orí-mi bèèrè ohun tó sè.

"Ẹ̀bà wà nílé, sà," ni Fadérera dá òdòdó lóhùn.

Wọ́n jókòó. Àyè kan ṣófo lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀kẹrin dà?" ni Ọ̀gá wí.

"Ó ń bọ̀ lọ́nà, sà."

Òǹtẹ̀ fò sókè lórí fáìlì, ó sì lu iwájú orí Fadérera, pàà! Fadérera kò rí iwájú orí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Eyínfúnjowó kà á jáde fún un: IRỌ́, pẹ̀lú déètì.

"Ó lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ ni, sà."

Pàà! Èyí bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ó ti là láàárọ̀ yìí, sà, ó tún ti—"

Pàà! Ó ní dídún òǹtẹ̀ náà wọ òun létí gan-an, bí ẹni pé ẹnì kan ń kan pákó.

Ọ̀gá nawọ́ sí ara ògiri. Aago kan wà níbẹ̀, òdòdó lílì gan-an ni aago náà, ewé òdòdó mẹ́fà. Méjì ti ká. "Bí ẹ̀kẹfà bá ká," ni Ọ̀gá wí, "Màmá yóò wọlé wá ka àwọn ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà. Pe ẹ̀kẹrin lórúkọ. Níbikíbi tó bá wà, yóò dáhùn."

Fadérera yọ̀. "Arẹwà!" ló ké.

Kò sí ohun tó mì.

"Ìnagijẹ nìyẹn," ni Ọ̀gá wí. "Orúkọ ni mo ní."

"Ìyàwó ilé ni mí, sà. N kì í pe orúkọ."

"A mọ̀. Ṣé o kò mọ̀ ọ́n pè ni, àbí o kò mọ̀ ọ́n rárá?"

Fadérera wolẹ̀. Òdodo ọ̀rọ̀ ni, kò mọ̀ ọ́n rárá. Ewé kẹta ká lára ògiri. Ìgbà náà ló gbọ́ ohun kan nísàlẹ̀, kù, kù, kù, lójú títì. Ó yọrí lójú fèrèsé. Ọwọ́ Màmá ló ń bọ̀. Ọwọ́ nìkan o! Ó ti fi Màmá sílẹ̀ lórí àga, ó ń fi ìka rìn bọ̀, ó ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ilé kọ̀ọ̀kan kó lè mọ ibi tó dé. Fadérera ní ó kan ilẹ̀kùn tèmi náà, ó ní ọ̀dà rẹ̀ ti bó. Ọ̀dà ta ló bó? Nínú àlá ẹni ẹlẹ́ni pàápàá, wọ́n tún ń rí mi fín!

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Ó fa Olówó-orí-mi lọ́wọ́, torí pé òun ló sún mọ́ ọn jù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹ ṣe bí ẹ̀kẹrin fún ìṣẹ́jú kan péré." Bó ṣe yíjú báyìí, ọ́fíìsì ti di ṣọ́ọ̀bù mi yìí gan-an, Ọ̀gá wà níbi tí Sàláwà jókòó sí, ó ń dúró kí ó kàn án. Fadérera ri òdòdó ọkọ rẹ̀ bọ inú omi sóbò kó lè di elésè àlùkò.

"Ó tutù," ni Olówó-orí-mi wí.

"Ẹ fara dà á."

Ó gbé e wá fún mi, ó ní kí n fi òwú di etí rẹ̀ kó ká wẹ́jẹ́wẹ́jẹ́. Mo gbà á, mo di í títí, ó ń tú. Ó ní mo wá gbé ọwọ́ sókè, mo ní, "Fadérera, etí irọ́ kì í ká. Gbé òdòdó rẹ máa lọ."

Mo sọ fún un láàárọ̀ yìí pé èmi kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láé. N kì í lé oníbàárà, kódà lójú àlá. Ó ní mo sọ ọ́.

Ìgbà tó fi gbé òdòdó náà padà, ṣọ́ọ̀bù ti tún di ọ́fíìsì, ewé márùn-ún ti ká. Ọwọ́ Màmá ti ń gun okùn. Fadérera gbọ́ bí aṣọ ṣe ń sún ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dákun," ló wí, "ẹ wò ó nínú fáìlì fún mi. Ẹ ṣáà ti kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀," ni Ọ̀gá wí, ó sì ṣí fáìlì. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì ti ń gùn sílẹ̀, kóòtù rẹ̀ ti ń yọ irun. "Má bínú o, aago ìsinmi wa ti lù." Ó fa ìwé àkọ́kọ́ jáde, ó jẹ ẹ́. Ó jẹ èkejì. Ó ti di òbúkọ pátápátá, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Fadérera kò kà á sí, ọ̀rọ̀ orúkọ ló ká a lára. Ó fò mọ́ òbúkọ lẹ́nu, ó ń gbìyànjú láti ya eyín rẹ̀ kó lè rí ìwé náà kà.

"Pọ̀ ọ́! Pọ̀ ọ́ síta!"

"O kò jẹ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín," ni òbúkọ wí, ó sì gbé e mì.

Ewé kẹfà ká. Ọwọ́ Màmá wọlé.

Kò sí ibi tí èèyàn lè sá sí ní ojú sánmà. Àwọn lílì ti jókòó gbọnrangandan lórí bẹ́ǹṣì. Àyè kan ṣoṣo ló kù, Fadérera sì sáré lọ jókòó síbẹ̀, ó di ojú rẹ̀ pinpin. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti òpin bẹ́ǹṣì. Ó fọwọ́ ra Akọ̀wé, ó kọjá. Ó fi ìka ra Eyínfúnjowó, ó kọjá. Ó dé ọ̀dọ̀ Olówó-orí-mi, ó nu omi sóbò kúrò lára rẹ̀, ó kọjá. Ó wá bà lé Fadérera lójú. Ìka náà rọra ń tọ etí rẹ̀ lọ, ó tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tí òǹtẹ̀ lù, ó dé àgbọ̀n. Ó dúró. Kò kọjá.

Ni ó bá jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ewúrẹ́ mi ló ti orí bọ ojú fèrèsé rẹ̀, tó ń jẹ etí kọ́tìnì, ìwé kàlẹ́ńdà àná ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti tọrọ àforíjì, mo sì ti so ó mọ́lẹ̀.

Màmá ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Fadérera ní nígbà tí òun rí ọwọ́ yẹn níbi tó yẹ kó wà, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé òun ti jí. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyàwó, o já a?"

"Mà, kò sí." Ó di ẹsẹ̀ Màmá mú. "Kò sí mọ́. Èmi ni mo hú u. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni, nígbà tí mò ń roko. Mo rò pé koríko ni. Irọ́ ni gbogbo èyí tí mo ti ń sọ fún yín láràárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ọmọ yín tó kú ló ni ín."

Màmá ní, "Ọmọ mi tó kú? Ọmọ wo?"

"Ẹ̀kẹrin, Mà."

"N kò sin ọmọ kankan rí láyé mi. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Òun ló rò ó, òun ló fi àánú rẹ̀ bo ẹnu fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ó ń bá ìyá kẹ́dùn ọmọ tí kò bí.

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ wọlé ni mo gbìn ín," ni Màmá wí. "Ojúmọ́ ọjọ́ ìyàwó yẹn gan-an. Mo ti lọ bá wọn hú u wá láti ọgbà ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, torí mo fẹ́ kí tìrẹ yàtọ̀. Orúkọ rẹ ni mo sọ ọ́. Fadérera ni."

Fadérera ní òun kò mọ ìgbà tí omijé bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kò sọ fún mi, Mà. Ìyàwó, Ìyàwó lẹ ń pè mí."

"O kò bi mí." Inú ń bí Màmá, ó sì hàn. Ó na ọwọ́, ó gbá a léjìká, kì í ṣe ti eré. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi parọ́ fún afọ́jú. Dìde. Fà mí lọ́wọ́, kí o mú mi lọ sí ààtàn yẹn."

"Wọ́n ti finá sí i, Mà."

"Iná kì í tètè dé ìdí lílì. Fà mí lọ́wọ́."

Ohun tó sọ tán nìyẹn tó fi dìde níbí, ó ní òun kàn sá wá kí n lè bá òun wo omi tó wà lórí iná ni, Màmá ń dúró. Mo ti sọ omi náà kalẹ̀. Sàláwà, ìwọ jókòó, irun rẹ kù díẹ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ dìde kí ẹ gba orí ògiri wò wọ́n. Ṣé ẹ rí wọn? Màmá ló kúnlẹ̀ nínú eérú yẹn, tó ń fọwọ́ tú u. Fadérera ló di ìró rẹ̀ mú lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Láti àárọ̀ o. Mo ti kígbe pé ẹ kú iṣẹ́, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ mi. Ìyá yẹn kàn ń tú eérú, ó ń pe orúkọ òdòdó rẹ̀, "Fadérera. Fadérera." Bó bá sì ti pè é, ìyàwó á dáhùn pé, "Mà."